Ìjà Yìnyín àti Atìlẹ̀kùn

Nobantu fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú àbúrò rẹ̀ sókè, ó sì kán oògùn lẹ́ẹ̀mejì sí ojú tí nǹkan kan kò ṣe.

"Ó tutù, ẹ̀gbọ́n," ni Lungile wí. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó gbé orí sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

"Àárọ̀ wo ni kì í tutù? Má ṣẹ́jú."

"Òní gan-an ni mi ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Bí mo bá ṣẹ́ ẹ pẹ́nrẹ́n, Atìlẹ̀kùn á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Nobantu bá a rẹ́rìn-ín, ó fi òwú nu omi tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni Lungile, irun rẹ̀ ti di ẹfun, ṣùgbọ́n bó bá dìde dúró, èjìká rẹ̀ ṣì ń dí ojú fèrèsé. Omi iyọ̀ lásán ló wà nínú ìgò kékeré náà. Omi iyọ̀ lásán ló ti wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ láyé yìí àfi ẹni tó ń kán an.

Lórí tábìlì, rédíò ń sọ̀rọ̀. Phakamile, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ètò eré ìdárayá lórí rédíò àdúgbò ní Mdantsane, ìlú wọn ní Gúúsù Áfíríkà, ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ìjà tí Mdantsane kò rí. Lọ́dún 1983, Lungile Sonjica, tí gbogbo ayé ń pè ní Yìnyín, ìbá bá Zwelakhe Matroos jà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Atìlẹ̀kùn. Àwọn akànṣẹ́ oníwọ̀n àárín, àwọn tí kò wúwo tí wọn ò sì fúyẹ́, pọ̀ ní Mdantsane nígbà náà bí eṣú, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ni ọba wọn. Wọ́n ti lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri káàkiri, ìwé ìwọlé ti tán. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n jà ni wọ́n kéde pé Yìnyín ò lè jà mọ́. Wọ́n ní ojú ọ̀tún rẹ̀ ni, wọ́n ní awọ inú rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ̀ṣẹ́ kan péré ló kù kó fọ́ pátápátá.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọkùnrin Mdantsane ti ń ja ìjà náà fúnra wọn, nílé ọtí, nínú takisí, níbi ìsìnkú pàápàá. Ta ni ìbá borí? Lónìí, ní agogo méjìlá ọ̀sán, Phakamile yóò ka ìjà náà sórí afẹ́fẹ́ láti abala kìíní dé abala kẹwàá bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Gbọ̀ngàn àdúgbò ni yóò ti ṣe é, níwájú èrò, àwọn àgbà méjèèjì yóò sì jókòó sí igun wọn bí ìgbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Lungile bi í. "Ta lẹ rò pé ìbá borí?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ́."

"Ta ló wá ń fọ ẹ̀jẹ̀ aṣọ mi nígbà yẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ ẹ̀ṣẹ́." Ó dé ìgò náà. "Dìde, lọ wọ kóòtù rẹ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níta."

Kì í ṣe ìkà ló mú un ṣe é. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni lọ́dún náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan, níbi tí àwọn akànṣẹ́ ti ń tò lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n tó gba òǹtẹ̀ tó fún wọn láyè láti jà. Dókítà kan ṣoṣo ló ń wá láti ìgboro, àwọn aláìsàn a sì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu géètì. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ ni dókítà ń buwọ́ lù. Oṣù kan ṣáájú, wọ́n ti gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlélógún kan wá láti ojú ìjà. Nobantu ló nu ẹ̀jẹ̀ inú etí rẹ̀. Ó nu ọ̀tún, ó nu òsì, nígbà tó fi padà sí ọ̀tún, ọmọ náà ti kú. Zwelakhe ní tirẹ̀ ti fi ẹ̀ṣẹ́ da àwọn mẹ́ta tó bá a jà gbẹ̀yìn sórí ibùsùn. Ìyá wọn, tó ti di olóògbé báyìí, pe Nobantu sí kọ̀rọ̀ ilé, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé nínú ilé yìí. Wá nǹkan ṣe." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nobantu kọ ìlà kan nípa ojú ọ̀tún sínú ìwé àbúrò rẹ̀. Gègé aláwọ̀ dúdú ló fi kọ ọ́. Dókítà ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tó buwọ́ lù ú, kò tilẹ̀ gbé ife náà kalẹ̀.

Fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Lungile. Ọmọkùnrin náà béèrè pé, "Ṣé mo máa fọ́jú ni?" Nobantu ní kò ní fọ́ bó bá ń lo oògùn, òun yóò sì máa bá a kán an. Ẹ̀rù ló bà á kó má baà lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Irọ́ kì í dá rìn, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé ẹrù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ogún ọdún kọjá, Nobantu ń wo ẹ̀yìn. Ogún mìíràn tún kọjá, ó wá ń rò ó pé bóyá òótọ́ ti ṣìnà ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìwé ìwọlé ti tán, onígbọ̀wọ́ ìjà kò sì fẹ́ dá owó padà fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ mú ọkùnrin kan wá láti Johannesburg láti dípò Lungile, ẹni tó wúwo ju Zwelakhe lọ. Abala mẹ́wàá ni wọ́n jà. Zwelakhe ló borí, wọ́n gbé e sí èjìká jáde. Lójú ọ̀nà ilé, ó bi ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ìlú wo ni àwọn wà.

Láti ìgbà tí Nobantu ti gbọ́ ìyẹn ló ti ń lọ sílé wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà, ó ń gé èékánná rẹ̀, ó ń fi òróró ra ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tí ìjókòó ti bó. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìyàwó Zwelakhe, tí wọ́n ń fi orúkọ ìran bàbá rẹ̀ pè ní MaRadebe, a gbé tíì àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀, a ní, "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run ló rán yín sí wa." Nobantu a mu tíì náà. Kò sí ìgbà kan tó rọrùn láti gbé mì.

Gbọ̀ngàn ti kún kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti na okùn pupa yí ojú ìjà ká láàárín ilé, wọ́n gbé àga kan sí igun kìíní, wọ́n gbé èkejì sí igun tó dojú kọ ọ́. Àwọn àgbà ọkùnrin ló pọ̀ jù, tàwọn ti fìlà àti ọ̀pá ìtilẹ̀, wọ́n ń jiyàn kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n.

"Yìnyín," ni bàbá kan tó dé fìlà onírun ké láti ẹ̀yìn, "ojú kọ́ ló dùn ọ́ lọ́jọ́sí. Oókan àyà ni."

"Wá gun ibí wá," ni Lungile dá a lóhùn bó ṣe ń tẹ̀ síwájú, "kó o wá bi ojú náà fúnra rẹ."

"Mi ò gun nǹkan kan. Orúnkún ń dùn mí, bí ojú ṣe dùn ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Lungile náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Nobantu rí bó ṣe fọwọ́ kan etí kóòtù rẹ̀, bó ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá gún un. Ó ti ń gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn láti ogójì ọdún.

MaRadebe mú ọkọ rẹ̀ wọlé ní ìgbọ̀nwọ́. Kóòtù ọkùnrin náà ti tóbi jù fún un, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà nílẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó já bọ́. Gbogbo ilé dìde fún un. Lungile sọdá lọ bá a, ó tẹrí ba, ó fi orúkọ ìran rẹ̀ kí i.

"Mpinga, ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

Zwelakhe wò ó, ẹ̀rín músẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti jẹun?" ló béèrè. Ohun tó ń bi gbogbo ènìyàn nìyẹn.

"Wọ́n ti jẹun, Mpinga."

MaRadebe fi aṣọ ìnujú kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó wá yíjú sí Nobantu tó jókòó nítòsí. "Ẹ káàsán o, Nọ́ọ̀sì. Òróró ìgbọ̀nwọ́ yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o. Ó sun oorun lánàá." Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí òun àti àwọn obìnrin yòókù ti ń se àgbàdo gígún àti ẹ̀wà fún èrò.

Wọ́n lu aago. Phakamile dúró láàárín ojú ìjà pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Ọmọdé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ti ka gbogbo ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ti lọ bá àwọn tó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́, ó mọ ẹsẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń síwájú.

"Yìnyín ló kọ́kọ́ dé," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ẹ wo òsì rẹ̀, ó ń bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń rọ̀ sórí Atìlẹ̀kùn kí tọ̀hún tó gbé ọwọ́. Atìlẹ̀kùn kò kánjú. Ó tẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Ó ń gba ẹ̀ṣẹ́ méjì kó lè san ìkan padà."

Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi na ọrùn síwájú. Wọ́n ń rí i. Nobantu náà rí i, láìfẹ́: àbúrò rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ara rẹ̀ ń dán, tó ń yí po bí ẹni ń jó. Ní abala kejì àti ìkẹta, Yìnyín ló borí. Lungile jókòó ṣinṣin lórí àga rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, ó ń sá fún ẹ̀ṣẹ́ tí kò sí. Ní abala kẹrin, Atìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó fi gba orúkọ. Ó dí igun kan, ó dí èkejì, ó ń ti ọ̀nà níkọ̀ọ̀kan títí Yìnyín ò fi ríbi gbà mọ́.

"Abala kẹfà," ni Phakamile wí. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nínú ojú ọ̀tún yẹn. Atìlẹ̀kùn náà mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó bá ojú náà. Ó tún bá a. Yìnyín ń ṣẹ́jú, apá ọ̀tún ayé ti ṣókùnkùn sí i. Kò rí èyí tó ń bọ̀."

Bàbá onífìlà onírun kùn. Lórí àga rẹ̀, Lungile gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi bo ojú náà, bí ẹni pé wọ́n ń lù ú lóòótọ́. Nobantu wo ọwọ́ yẹn. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun gba ìjà náà lọ́wọ́ àbúrò òun. Wàyí o, níwájú gbogbo ìlú, ìlà kan tí òun kọ ló tún ń nà án.

"Rárá," ni ẹnì kan wí.

Zwelakhe ti dìde. Ó di okùn mú, aṣọ ìnujú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Phakamile, tí kò mọ ohun tí ì bá ṣe, na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i.

"Mi ò ní lù ú lójú," ni Zwelakhe wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta, ó ń gbé e jáde níkọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ní ojú ń dùn ún. Mo ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó wá, ká jà. Ara ni màá lù. Mi ò ní fọwọ́ kan ojú." Ó wò yíká, ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sórí obìnrin tó jókòó nítòsí. Ó nàka. "Nọ́ọ̀sì ni mo rán."

Gbogbo orí yí sí Nobantu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín onínúure, irú èyí tí a ń rín sí ọmọdé tó ṣi orúkọ pè. "Nọ́ọ̀sì tó ń gé èékánná rẹ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀ ló ń wí," ni ẹnì kan sọ. MaRadebe ti sáré dé láti ẹ̀yìn, ṣíbí onígi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbá ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ó ti ń dà á pọ̀."

Kò dà á pọ̀. Ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1983 ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ọ̀rọ̀ ojú náà ni. Zwelakhe wá gba òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó sì dúró lẹ́bàá tábìlì Nobantu, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tijú, fìlà lọ́wọ́. Ó rán an ní iṣẹ́ náà bó ṣe sọ ọ́ yìí gan-an, ó fi kún un pé, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Sisitá." Nobantu ní òun á sọ fún un.

Gbogbo ilé ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un báyìí láti sá gbà. Kó ṣáà rẹ́rìn-ín náà ni. Ọkùnrin kan tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, tó ti gbàgbé ilé tó ń gbé, ti fi ohun kan ṣoṣo pa mọ́ láti ogójì ọdún, wọ́n sì ń fi ìyẹn náà rín in.

Nobantu dìde. "MaRadebe, kò dà á pọ̀," ló wí. "Ó rán mi lóòótọ́. Èmi ni mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà."

Ẹ̀rín náà kú. Lungile sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lójú. Phakamile, tó gbọ́n, ní kí wọ́n fi orin sí i.

Nínú yàrá ìdáná ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, MaRadebe ní kí àwọn obìnrin yòókù bọ́ síta. Ó ń ro ìkòkò náà láìwo Nobantu.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi jẹ́ iṣẹ́ ọkọ mi, Nọ́ọ̀sì?"

"Bí mo bá jẹ́ ẹ, Lungile ì bá jà. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ojú rẹ̀, MaRadebe. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀rù ọkọ yín ló ń bà mí."

Ṣíbí náà dúró.

"Ẹ kọ ọ́."

"Mo kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa lọ mú ẹni tó wúwo wá."

"Nígbà tẹ́ ẹ wá mọ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tí Nobantu ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. "Èmi ni mo gbé e sórí ìwọ̀n," ló wí. "Ọkùnrin Johannesburg yẹn. Ó fi kílò mẹ́fà ju ọkọ yín lọ. Ọjọ́ yẹn, òótọ́ ni mo kọ. Iye tó wọ̀n gan-an ni mo kọ, dókítà buwọ́ lù ú, mo sì dákẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn ì bá tú ìwé Lungile wò."

MaRadebe nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iwájú rẹ̀, ó nu ọ̀kan, ó nu èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Láti inú gbọ̀ngàn, orin ń dún.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn," ló wí.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn."

"Mo rò pé inúure ni. Mo ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà. Mo ń dárúkọ rẹ kí n tó dárúkọ ọmọ mi."

Láti ogójì ọdún tí wọ́n ti mọra, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí MaRadebe pè é ní ìwọ. Nobantu tẹ orí ba. Ó ti múra de igbe, ó ti múra de ìfọ́tí pàápàá. Kò múra de ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

"Máa wá," ni MaRadebe wí. "Èmi nìkan ò lè gé èékánná rẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà á tí mo bá mú ọ̀bẹ dání. Máa wá l'Ọ́jọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní se tíì fún ọ mọ́." Ó yí padà sí ìkòkò náà. "Jáde. Oúnjẹ mi ń jóná."

Lungile wà níta, lẹ́bàá ọgbà onírin tó kọjú sí àfonífojì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kóòtù rẹ̀. Kò yíjú nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo gbọ́," ló wí. "Fèrèsé ìdáná yẹn ṣí sílẹ̀."

Nobantu dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Lungile fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀. Ó fi ọ̀tún nìkan wo òdìkejì àfonífojì, ó pẹ́ tó ń wò ó. "Obìnrin kan ń sá aṣọ lórí òkè yẹn," ló wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ọ̀kan ní àwọ̀ ewé. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mú un." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Lungile, mo gba ìjà rẹ lọ́wọ́ rẹ."

"Ìjà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dùn. "Ṣé kí n sọ ohun kan fún yín, ẹ̀gbọ́n? Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ ojú yẹn fún mi, mo sùn dáadáa. Ó ti tó oṣù méjì tí mi ò ti rí oorun sùn. Ẹ̀rù Zwelakhe ń bà mí débi pé oúnjẹ ń padà lọ́fun mi. Mo ní, 'Ojú, o ṣeun.' Lẹ́yìn náà ni Zwelakhe wá lọ dúró síwájú ọkùnrin ńlá yẹn, mo sì jókòó sí ìlà kẹta, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ipò mi ló wà. Bàbá onífìlà yẹn kò purọ́. Oókan àyà ni."

Nobantu kò mọ̀ bóyá ìtura ni ohun tó kọjá lára òun. Ó ti fẹ́ na ọwọ́ sí i.

"Bọ́ọ̀sì ńkọ́?" ni Lungile bi í.

"Bọ́ọ̀sì wo?"

Nígbà náà ló yíjú sí i. "Lọ́dún 1986, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ń gba awakọ̀. Wọ́n á kọ́ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fún un láṣọ. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo mú un wá bá yín nílé, mo ti kọ orúkọ mi síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Àwo lẹ̀ ń fọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ ní, 'Pẹ̀lú ojú yẹn? Ṣé o fẹ́ lọ da àwọn ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò ni?' Mo fa fọ́ọ̀mù náà ya níwájú ilé yín."

Nobantu wá a nínú ọkàn rẹ̀. Ó rántí gègé dúdú. Ó rántí ife tíì dókítà, bó ṣe ní òdòdó pupa lára, tí etí rẹ̀ ti bù. Ó rántí fìlà tó wà lọ́wọ́ Zwelakhe. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù, àwo, àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, kò rí ìkankan níbẹ̀.

"Mi ò rántí," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní rántí." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. "Mo ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ aṣọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ń ṣí i fún àwọn tó ń wakọ̀ wọlé. Mo máa ń wo ọwọ́ wọn tí wọ́n bá ń yí ìdarí ọkọ̀. Mo mọ èyí tó mọ̀ ọ́n wà nínú wọn, mo mọ èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Ìjà kọ́ ni mo máa ń lá lálàá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n lu aago nínú gbọ̀ngàn. Orin dúró, ohùn Phakamile tún bẹ̀rẹ̀, ó ní abala keje. Àwọn ènìyàn ń hó. Lungile kò dúró gbọ́ ẹni tó borí. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí takisí ń dúró sí, Nobantu sì ń tẹ̀ lé e, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn, kò jẹ́ kó dín, kò jẹ́ kó pọ̀.

Takisí àkọ́kọ́ tó dé ló wọ̀. Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nobantu gba ẹ̀yìn wọlé, ó rí ibì kan jókòó sí láàárín ìyá oníkábéèjì kan àti fèrèsé. Ọkọ̀ ṣí.

"Ọmọ mi," ó gbọ́ tí Lungile ń bi awakọ̀ náà, "èyí tó o fà sẹ́yìn yẹn, jíà kejì nìyẹn àbí ìkẹta?"

"Ìkẹta ni, bàbá. Òkè yìí ò fẹ́ kejì."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ lára ẹ́ńjìnnì."

Awakọ̀ náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òkè àti jíà fún un, Lungile sì ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan rẹ̀ bí ẹni di nǹkan mú. Nobantu ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1983, ó ń bọ̀ lọ́dọọdún, ó ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí òun lè ti jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìgbójú sókè, nígbà tí ọwọ́ òun wà nínú omi. Kò tíì dé 1990 tí takisí fi dúró, tí àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tó sì ń lọ sílé láìwẹ̀yìn.